Baofeng UV-5R fún ọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ìròyìn ìjì ní Ògbómọ̀ṣọ́: rédíò tó ń gbọ́ jù

Tí ẹgbẹ́ ham, ìyẹn àwọn tó ń fi rédíò sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn, kì í ṣe fún owó, bá fẹ́ fìdí múlẹ̀ ní ìlú kan, rédíò ọwọ́ Baofeng UV-5R ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Kò wọ́n, ó wọ àpò ṣòkòtò, ó ń gbọ́ láti 136 dé 174 MHz àti láti 400 dé 520 MHz, ó sì lè fi agbára wọ́ọ̀tì kan tàbí nǹkan bíi mẹ́rin fọhùn. Iṣẹ́ méjì pàtó la fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò níbí. Èkíní ni ọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀: wọ́n á gbé rédíò kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, pamọ́ sínú igbó tàbí ẹ̀yìn ilé, á máa ké láti ibẹ̀, àwọn ọdẹ á sì fẹsẹ̀ rìn wá a kàn pẹ̀lú áńtẹ́nà lọ́wọ́. Èkejì ni ìròyìn ìjì: kí ẹni tó wà ní ẹ̀bá ìlú rí ìjì kó tó wọlé, kó sì ta àwọn ará ilé lólobó.

Ìdájọ́ wa rèé. Fún ọdẹ, UV-5R nìkan kò lè gbé èèyàn dé ìdí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Fi áńtẹ́nà tí wọ́n fi tépù káfíńtà ṣe àti àpótí ìdínkù, èyí tó ń dín agbára ohùn kù, kún un, yóò gbé yín débẹ̀ bí èyí tó wọ́n jù ú lọ fíìfíì ṣe máa gbé yín débẹ̀. Fún ìjì, ó kájú òṣùwọ̀n láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn abúlé itòsí, ṣùgbọ́n kò lè dá dé Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ sí i, kó má fi ra rédíò alágbára. Kó fi ṣe áńtẹ́nà.

Ohun tí èèyàn máa ń rò nípa rédíò olówó pọ́ọ́kú ni pé kò ní gbọ́ dáadáa. Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀ gan-an. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń gbọ́ jù, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dí etí. Ṣíìpù kan ṣoṣo, RDA1846, ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ gbígbọ́ nínú rẹ̀. Asẹ́ tó wà níwájú ṣíìpù yẹn fẹ̀ lójú, nítorí náà ohunkóhun tó bá lágbára ní itòsí á rọ́ wọlé. Lẹ́bàá òpó ilé-iṣẹ́ FM, ó lè di adití sí ẹni tó ń pè é láti ọ̀nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì rẹ̀ kún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀.

Àwọn ìlà kéékèèké tó wà lójú rẹ̀, tí èèyàn rò pé wọ́n ń fi bí ohùn ṣe lágbára tó hàn, ẹ má gbọ́kàn lé wọn. Tí ohùn bá ti wọlé, gbogbo wọn á tàn, bí kò bá wọlé, gbogbo wọn á kú. Kò sí àárín. Nítorí náà etí ni ọdẹ máa fi wọ̀n, FM sì ni ohùn yìí: kì í ròkè sí i bí ẹ ṣe ń sún mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ariwo ṣììì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀. Níbi tí ariwo yẹn bá ti tán pátápátá, etí kò ní ohun tó máa fi wọ̀n mọ́. Ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn, ohùn mọ́. Ẹ kọ̀yìn sí i, ohùn tún mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ti ń sọnù, kì í ṣe ibi tó jìnnà.

Kí ẹ tó jáde, ẹ ṣètò rẹ̀. Ẹ tẹ MENU, ẹ tẹ nọ́ńbà, ẹ tún tẹ MENU, ẹ fi ọfà yàn, ẹ tẹ MENU lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá tẹ EXIT. Ní nọ́ńbà 0, ẹ fi SQL sí 0 kí ariwo ṣììì lè máa wọlé ní gbogbo ìgbà, torí òun ni ìwọ̀n yín. Nọ́ńbà 3, SAVE, ẹ pa á: tó bá wà ní títàn, rédíò á máa sùn, á máa jí láti fi bátìrì pamọ́, á sì máa gé ìbẹ̀rẹ̀ ohùn jẹ. Nọ́ńbà 7, TDR, ẹ pa á, nítorí ìkànnì méjì ló fi ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ẹ kò nílò lè gba ojú rẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Nọ́ńbà 8, BEEP, ẹ pa òun náà kó má baà máa da etí yín rú.

Áńtẹ́nà kúkúrú onírọ́bà tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Ó dára fún ọ̀rọ̀ sísọ, kò wúlò fún ọdẹ. Èyí tí ọdẹ ń lò ni áńtẹ́nà ọ̀pá mẹ́ta tí wọ́n fi tépù káfíńtà onírin gé. Ẹ wá a sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́. Ẹ ra onímítà 5, èyí tó fẹ̀ tó 25 mm. Gbogbo irin tí ẹ máa gé jẹ́ nǹkan bíi 2.9 mítà, onímítà 3 á sì tó lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé ọ̀kan kù díẹ̀, ó ti parí nìyẹn. Èyí tó tín-ín-rín máa ń tẹ̀ wọ́lẹ̀ bí ewé ìlá tó rọ.

Ìwọ̀n rẹ̀ fún 144.700 MHz, ìkànnì tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yóò máa ké lórí rẹ̀, rèé. Ọ̀pá ẹ̀yìn, 106.5 cm. Ọ̀pá àárín jẹ́ abala méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 45.7 cm, kí àlàfo 2.5 cm wà láàárín wọn. Ọ̀pá iwájú, 90.4 cm. Láti ọ̀pá ẹ̀yìn sí ti àárín jẹ́ 20.5 cm, láti àárín sí iwájú 32 cm. Àwọn ìwọ̀n tí ẹ máa bá káàkiri kúrú díẹ̀ ju ìwọ̀nyí lọ, torí pé Amẹ́ríkà ni áńtẹ́nà yìí ti wá, ìkànnì ham tiwọn níbẹ̀ sì lọ láti 144 dé 148 MHz, nígbà tí tiwa dúró ní 146. Tó bá jẹ́ gbígbọ́ nìkan, èyíkéyìí nínú méjèèjì á ṣiṣẹ́.

Páìpù omi funfun ti ìdajì íńṣì ni ẹ ó fi ṣe egungun rẹ̀. Jọ́ìntì oríta mẹ́rin lẹ́yìn àti láàárín, jọ́ìntì T níwájú, kí páìpù yọ jáde lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìdìmú. Kílíìpù onírin tí mẹkáníìkì fi ń de ọ̀ọ̀sì omi mọ́tò ni kí ẹ fi de tépù mọ́ jọ́ìntì. Ẹ má kàn án ní ìṣó, páìpù á sán.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù ni ibi tí wáyà ti pàdé ọ̀pá àárín. Àwọ̀ yẹ́lò ara tépù kì í jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì lẹ̀. Ẹ fi sáńdípépà ha ìwọ̀n 2 cm ní etí abala kọ̀ọ̀kan títí irin á fi dán gbinrin. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí ojú irin yẹn nìkan, kó tàn kálẹ̀ bí òróró, kó má ṣù bí àdí tó dì. Tó bá ṣù, kò tíì lẹ̀ nìyẹn, ẹ tún un ha. Ìgbà yẹn lẹ tó máa jó wáyà mọ́ ọn. Irin tépù máa ń gba ooru lọ kíákíá, nítorí náà ayọ́nù kékeré oníwọ́ọ̀tì 25 á máa jìyà. 60 ló dára. Wáyà RG-58 ni kí ẹ lò: inú rẹ̀ sí abala kan, àwọ̀n ìta rẹ̀ sí abala kejì. Lórí ojú ibi kan náà, ẹ gé wáyà líle 12.7 cm, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí lẹ́tà U tí apá rẹ̀ fi 1.9 cm jìnnà síra, ẹ jó orí rẹ̀ kan mọ́ abala òsì, èkejì mọ́ abala ọ̀tún. Ẹni tó bá rí i á ní ẹ ti so iná pọ̀ mọ́ra. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà U yẹn ló ń mú áńtẹ́nà bá wáyà olóhóómù 50 mu. Ẹ lẹ ọ̀rá dúdú táwọn oníná ń lò mọ́ gbogbo etí tépù, torí ó mú bí abẹ, ojú ẹlòmíì ló sì máa ń ṣe déédéé.

Ojú áńtẹ́nà rédíò yìí ní ìṣó síta, tirẹ̀ ló yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ rédíò ọwọ́ mìíràn, nítorí náà ẹ wo ẹnu àsopọ̀ SMA dáadáa kí ẹ tó sanwó. Ẹ má jẹ́ kí wáyà RG-58 máa wúwo lé e lórí. Wáyà kékeré tó rọ̀, 20 cm péré, ni kó wà láàárín.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó: ẹ di áńtẹ́nà mú kí àwọn ọ̀pá rẹ̀ dúró lóròó, bí áńtẹ́nà kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe dúró lóròó. Ẹ yí po díẹ̀díẹ̀. Iwájú rẹ̀ fẹ̀, kò ní nawọ́ sí ibi kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ má wá ibi tí ohùn ti mọ́ jù. Ẹ wá ibi tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀ ní apá ọ̀tún, ẹ wá ti apá òsì, kí ẹ wá kọjú sí àárín méjèèjì. Ẹ fi kọ́ńpáàsì fóònù ka iye rẹ̀, ẹ fa ìlà sórí máàpù, ẹ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe lọ síwájú, tó ìwọ̀n 300 mítà, kí ẹ tún un kà. Ibi tí ìlà méjèèjì ti gbé pàdé ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà. Ẹni tó bá sáré tọ ìlà àkọ́kọ́ lọ kì í mọ ìgbà tó kọjá rẹ̀.

Ní Under G àti Adénìké, láàárín ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òrùlé páànù àti ògiri ń ta ìgbì padà bí ògiri ṣe ń ta bọ́ọ̀lù. Ohùn tó wà lápá àríwá á jọ bí ẹni pé gúúsù ló ti ń bọ̀. Ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ wá oríta tàbí pápá, ẹ tún un kà. Inú oko kajú àti máńgòrò tó yí ìlú ká sàn ju inú ìlú lọ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ewé tútù ń fa ìgbì mu díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa irọ́.

Ó wá ku ìdí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gan-an, níbi tí ariwo ti tán. Ohun mẹ́ta wà tí kò gba owó kankan. Èkíní, ẹ fi ìkànnì sí ẹ̀gbẹ́: dípò 144.700, ẹ lọ sí 144.710, lẹ́yìn náà 144.715. Ohùn á dàrú, ṣùgbọ́n ariwo á padà, ẹ ó sì rí ohun tí ẹ máa fi wọ̀n. Èkejì, ìlọ́po mẹ́ta: kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń ké lórí 144.700 á máa ké wúyẹ́wúyẹ́ lórí 434.100 pẹ̀lú, UV-5R sì ń gbọ́ ibẹ̀. Tí ẹ bá ti ń gbọ́ ọ lórí 434.100, ẹ ti sún mọ́ ọn gan-an. Ẹ̀kẹta ni ara yín. Ẹ yọ áńtẹ́nà kúrò, ẹ di rédíò mọ́ àyà gbágbá, ẹ yí po. Omi ara èèyàn ń dí ìgbì lọ́nà. Ibi tí ohùn bá ti rẹlẹ̀ jù, ẹ̀yìn yín ló wà.

Àpótí ìdínkù sàn ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, òun ni a fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ ní. Ó jẹ́ àpótí onírin kékeré láàárín áńtẹ́nà àti rédíò. Inú rẹ̀ ni oscillator 4 MHz ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣẹ̀dá ìgbì, wà, díóòdù kan bíi 1N34A, pọtẹnṣómítà 1 kilo-ohm, 78L05 tó ń sọ fóltì bátìrì di 5, àti bátìrì 9 fóltì. Díóòdù yìí ń po ohùn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mọ́ 4 MHz, ohùn tuntun á sì jáde lórí 148.700 àti 140.700. Ẹ wá gbé rédíò lọ sórí 148.700. Tí ẹ bá yí pọtẹnṣómítà sílẹ̀, oscillator ò ní lágbára mọ́, ohùn á dínkù bí ẹ ṣe fẹ́. Ìdí tó fi dára ju àwọn rẹsítọ̀ lásán lọ nìyí: UV-5R wà nínú ike, ìgbì ń gba ara ike wọlé láìkọjá lẹ́nu áńtẹ́nà, kò sì sí bí rẹsítọ̀ ṣe máa dá a dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gba ara ike wọlé wà lórí 144.700, rédíò yín sì ti lọ sí 148.700, kò ní gbọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí 148.700 kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ lo 140.700. Ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì ọ̀rọ̀ sísọ nígbà tí àpótí yìí wà lára rẹ̀, díóòdù á jó. Ẹni tó bá jẹ́ ọdẹ nìkan kò ní ìdí tó fi máa fọhùn rárá. Ẹni tó máa fọhùn, tàbí tó gbé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kalẹ̀, gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ.

UV-5R kejì lè jẹ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà. Ẹ fi í sí wọ́ọ̀tì kan, torí wọ́ọ̀tì mẹ́rin á gbóná, kò sì ní mú eré dùn. Ìlànà ìdíje àgbáyé, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Pólándì ní 1980, ni pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ márùn-ún ń ké lórí ìkànnì kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan nínú márùn-ún, pẹ̀lú àmì Morse MOE, MOI, MOS, MOH àti MO5. Ọ̀kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀: ìṣẹ́jú kan ní kíké, mẹ́rin ní ìdákẹ́. Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni pé ìgbì á padà wọ inú ẹ̀rọ kékeré tó ń darí rẹ̀, bọ́tìnnì á lẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní dákẹ́ mọ́. Ẹ fi fẹ́ráìtì, òrùka dúdú tó ń dí ìgbì lọ́nà, há wáyà rẹ̀, kí ẹ sì fi TOT, nọ́ńbà 9, sí ìṣẹ́jú-àáyá 75 kí rédíò fúnra rẹ̀ lè gé e.

Ohun tí kò gbọdọ̀ fò ni àṣẹ. Àpótí tó ń ké pì-pì lábẹ́ igi máńgòrò, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó ń na irin káàkiri, máa ń kó ìpayà bá ará àdúgbò. Ẹ sọ fún ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ sọ fún baálé àdúgbò, àgọ́ ọlọ́pàá àti Amọ̀tẹ́kùn, tó bá jẹ́ inú ọgbà LAUTECH ni, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára àpótí náà ní Yorùbá pé eré rédíò ni, kí nọ́ńbà fóònù ẹgbẹ́ wà níbẹ̀.

Ti ìjì wá ńkọ́? Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí à ń bẹ̀ yín fún gan-an nìyí. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, apá ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá, ó sì ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìlọrin wà ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn wa, nǹkan bíi 50 kìlómítà ní ọ̀nà tààrà. Ìjì tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan á gba wákàtí kan láti ibẹ̀ dé Tákíé. Nítorí náà ẹni tó wà ní Ìrẹsà-Adú, ní ìlà-oòrùn ìlú, ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún ní rédíò, kì í ṣe ẹni tó wà láàárín ìlú.

Ètò rédíò yí padà fún iṣẹ́ yìí: SQL sí 3, agbára sí òkè ní nọ́ńbà 2, ROGER, nọ́ńbà 39, ìyẹn pì tó máa ń dún lẹ́yìn ọ̀rọ̀, kí ẹ pa á. SAVE àti TDR ṣì wà ní pípa, torí wọ́n ń jẹ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sì ni orúkọ ibi tí wàhálà wà. Áńtẹ́nà onírọ́bà kò tó láti Ìrẹsà-Adú. Ọ̀pá 49 cm lórí òrùlé páànù, tí páànù náà jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ń ṣe ìyàtọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: láti ìgbà tí mànàmáná bá kọ sí ìgbà tí àrá bá sán, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá. Mẹ́ta ni kìlómítà kan. Tó bá ti wá sí 30, ìjì wà ní kìlómítà 10. Ẹ já wáyà òrùlé, ẹ jù ú síta, ẹ wọlé, kí ẹ padà sórí áńtẹ́nà onírọ́bà. Kò sí ìròyìn tó tó ẹ̀mí.

Ìròyìn tó wúlò kúrú: aago, ibi, ohun tí ojú rí, ibi tó ń lọ. “Ìjì ńlá ń bọ̀” kì í ṣe ìròyìn. Ẹ wo igi. Tí ẹ̀ka tútù kéékèèké bá ń kán, atẹ́gùn wà láàárín 62 sí 74 kìlómítà ní wákàtí kan. Tí páànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, 75 sí 88. Tí igi ńlá bá hú tigbòǹgbòtigbòǹgbò, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Yìnyín, ẹ fi wé ohun tí gbogbo ilé mọ̀: hóró àgbàdo, bọ́ọ̀lù ping-pong tó jẹ́ 4 cm, ẹyin adìyẹ. Òjò, ẹ gbé agolo tó gùn ṣánṣán síta, ẹ fi rúlà ka mílímítà rẹ̀ tó bá dá. Ẹ sì sọ ọ́ bóyá ẹ fojú rí i ni tàbí wọ́n sọ fún yín. Ẹni kan ṣoṣo ló ń darí nẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìpàdé gbogbo yín lórí rédíò, òun ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, òun ló sì ń pe 112 tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, níwọ̀n ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù bá ṣì wà.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, rédíò ọwọ́ sí rédíò ọwọ́, kò ṣeé ṣe. Ilẹ̀ àti òkè á gbà á. Ìkànnì 7 MHz pẹ̀lú wáyà gígùn tí wọ́n ta sílẹ̀ díẹ̀ ló ń gba ojú ọ̀run padà wálẹ̀ sí ìrìn bẹ́ẹ̀, 7.110 MHz sì ni ìkànnì pàjáwìrì ham ní apá àgbáyé tiwa. UV-5R kò dé ibẹ̀.

Omi ni ọ̀tá tó kẹ́yìn. Kò sí ohun tó dí òjò lọ́nà lẹ́nu ihò etí-gbọ́hùn àti lábẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀. Láílọ́nù funfun tí wọ́n fi ń di iyọ̀ tó, ẹ de ẹnu rẹ̀ mọ́ ìdí áńtẹ́nà. Ohùn á kọjá, bọ́tìnnì á ṣeé tẹ̀. Bátìrì 1800 mAh rẹ̀ á gbé e la ọ̀sán kan já bí ẹ bá ń gbọ́ jù fọhùn lọ. Iná sábà máa ń lọ kí òjò tó dé, nítorí náà láti ìparí oṣù Kejì ni kí bátìrì kejì ti máa wà ní kíkún nínú ilé ẹni tó wà ní ìlà-oòrùn.